Ìmọ̀ràn fún Ẹni tí ó ń Rìnrìn Àjò lọ sí Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí òwe yìí ti jẹ́ òótọ́ tó nípa ẹni tí ó lọ sí ìlú òyìnbó, ó jẹ́ òótọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ẹni tí ó kọjá sí ilẹ̀ tí ó rò pé òun mọ̀. Ẹni tí ó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé àjòjì ni òun; ó ti bèèrè ọ̀nà, ó ti wá ìwé, ó ti ra aṣọ òtútù kí ó tó gbéra. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lọ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Dàhòmì títí di ọdún 1975, a máa ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ yà kí ará àdúgbò. Yóò wọ bàtà, yóò ki owó bọ àpò, ó di ibùdókọ̀. Ẹnubodè Sèmè ni ojú rẹ̀ ti máa ń là.

Ohun tí ó fa èyí kò jìnnà. Yorùbá wà ní Kétu, wọ́n wà ní Ṣábẹ, wọ́n wà ní Ìpóbẹ̀ àti Ìṣàkẹ́tẹ́, wọ́n sì pọ̀ ní Àjàṣẹ́, olú-ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tí ó pín ilẹ̀ yìí sí méjì. Wọn kò sì bèèrè lọ́wọ́ ọba Yorùbá kankan. Láti ìgbà náà ni ọmọ ìyá kan ti ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́, tí èkejì sì ń kọ́ èdè Faransé. Ààlà náà kò pa ìbátan rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbátan kò pa ààlà rẹ́. Arìnrìn-àjò tí ó bá di gbólóhùn méjèèjì yìí mú, ọ̀nà rẹ̀ yóò là.

Ìwé ni ohun àkọ́kọ́. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nínú wọn ní ẹ̀tọ́ láti wọ orílẹ̀-èdè èkejì láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ apá kan yìí, wọ́n sì gbàgbé apá kejì, pé ẹni tí ó bá mú ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá dání, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí àjẹsára, ni ẹ̀tọ́ náà wà fún. Àìgba físà kì í ṣe àìmú ìwé dání.

Kí arìnrìn-àjò tó kúrò ní Nàìjíríà, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjáde sí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Bí ó bá sì dé ìhà kejì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìwọlé sí i. Òǹtẹ̀ méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan. Kò sí ẹnubodè tí kò ní àwọn tí yóò sọ fún àlejò pé àwọn mọ ọ̀nà tí ó yá ju ti ìjọba lọ. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé wọn ti sọ ara rẹ̀ di arúfin. Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró lójú ọ̀nà, kò ní ẹ̀rí pé ó wọlé. Bí ó bá ń padà bọ̀, kò ní ẹ̀rí pé ó jáde. Ìrọ̀rùn tí ó rò pé òun fi owó kékeré rà, òun ni yóò máa san owó lé lórí níbikíbi tí wọ́n bá ti dá a dúró.

Ìwé kejì ni káàdì àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí yẹ́lò káàdì. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lára kí káàdì náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi lélẹ̀ pé abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Àwọn kan a máa ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí irú káàdì bẹ́ẹ̀ bá tan aṣọ́bodè jẹ, kò lè tan ẹ̀fọn jẹ.

Ẹrù olùkọ́ tí ó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wúwo ju ti ẹlòmíràn lọ. Nítorí àwọn tí ń kó ọmọ ọlọ́mọ tà, Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin ní ọdún 2006 lórí ìrìnnà àwọn ọmọdé. Nítorí náà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò tíì pé ọdún 18 ní ìwé tirẹ̀, kí òbí rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, kí ilé ẹ̀kọ́ sì kọ lẹ́tà tí orúkọ gbogbo wọn wà nínú rẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ní èdè Faransé. Kí olùkọ́ sì ti bèèrè lọ́dọ̀ àwọn aṣojú ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣáájú, bóyá ìwé mìíràn kù. Aṣọ́bodè tí ó bá dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń ṣọ́.

Lẹ́yìn ìwé, ó kan owó. Sẹ́fà ni owó ibẹ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ni ó jọ ń ná an, Tógò sì wà nínú wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti Kútọnu kọjá sí Lomé kò ní ṣẹ́ owó lẹ́ẹ̀kejì. Iye tí wọ́n fi so sẹ́fà mọ́ owó yúrò kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n iye náírà a máa lọ sókè sódò. Kí arìnrìn-àjò bèèrè lọ́wọ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó ṣẹ́ owó, kí ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kúrò lójú kan náà, kí ó sì gba owó kéékèèké sínú rẹ̀. Ọlọ́kadà Kútọnu, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, kì í sábà ní ṣéńjì fún owó ńlá. Kí èrò sì bá a dá iye owó kí ó tó gun ọ̀kadà rẹ̀.

Aago Kútọnu àti ti Èkó dọ́gba. Lomé ni ó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Ní ti tẹlifóònù, láti òpin oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ ti di ẹyọ 10. Ẹni tí nọ́ńbà ìbátan rẹ̀ bá ti pẹ́ nínú ìwé, kí ó fi 01 ṣíwájú rẹ̀.

Èdè Faransé ni èdè ìjọba. Ní Kétu àti Àjàṣẹ́, Yorùbá yóò mú ènìyàn jìnnà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàgó ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Ṣùgbọ́n ní Kútọnu, Fọn àti Faransé ni ọjà ń ná. Ẹni tí kò gbọ́ ju “bonjour” àti “merci” lọ, kí ó máa lò wọ́n dáadáa. Ẹni tí ó bá ń bèèrè ọ̀nà láìkọ́kọ́ kí ènìyàn, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọn yóò kà á sí, gẹ́gẹ́ bí wọn yóò ti kà á sí ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta.

Ibi tí ojú yóò ti rí nǹkan pọ̀. Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́, wà ní Kétu síbẹ̀. Mọ́sáláṣí ńlá kan wà ní Àjàṣẹ́ tí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì bọ̀ ni. Ní Ouidah, ọ̀nà bíi kìlómítà mẹ́rin lọ sí etí òkun, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sínú ọkọ̀. Ọdún 1995 ni wọ́n kọ́ Ẹnu-ọ̀nà Àìpadàbọ̀ síbẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Ouidah nítorí ọdún Vodun, ní nǹkan bí ọjọ́ 10, oṣù Kìn-ín-ní, kí ó tètè wá ilé tí yóò sùn sí, nítorí èrò a máa pọ̀. Kí ó má ya fọ́tò ojúbọ tàbí ti abọrẹ̀ láìgba àṣẹ, kí ó má sì gbé kámẹ́rà sókè rárá ní ẹnubodè àti ní àgọ́ ológun.

Ìpadàbọ̀ náà ní òfin tirẹ̀. Ní ọdún 2016 ni Nàìjíríà fòfin de gbígbé ìrẹsì òkèèrè gba orí ilẹ̀ wọlé. Kí arìnrìn-àjò tó ra ọjà, kí ó bèèrè ohun tí àwọn aṣọ́bodè gbà láyè àti èyí tí wọn kò gbà. Ẹ̀bùn tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé kì í dé ọwọ́ ẹni tí a rà á fún.

Àwọn tí ń ta tí wọ́n sì ń rà ní ìhà méjèèjì ààlà ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́: ní ẹnubodè, kí ènìyàn mọ̀ pé àlejò ni òun, ní àgbàlá ìbátan rẹ̀, kí ó mọ̀ pé ọmọ ilé ni. Ẹni tí ó bá ṣi méjèèjì gbé, tí ó ṣe ọmọ ilé níwájú òfin, tí ó sì wá ń ṣe àlejò níwájú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ó náwó, ó sì pàdánù àjò náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.