Ìwé Kíkà Sókè Nínú Ìdílé: Irú Èwo Ni Kí Á Yàn?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ ní Bétérou, nígbà àjọ̀dún júbílì ìjọ)

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ júbílì fi lé wa lọ́wọ́ dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ àti ti owó àjọ̀dún: ìwé wo ni ó yẹ kí bàbá tàbí ìyá mú lọ́wọ́ ní alẹ́, kí ó kà á sókè fún àwọn ọmọ rẹ̀? Bí a ti ń rò ó ni a rí i pé kò kéré rárá.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ilé wa ti rí. Èdè tí ọmọ fi ń tọrọ omi kọ́ ni èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ilé-ìwé. Nàgó tàbí Ìbàrìbá tàbí Fúlàní ni ó ń gbọ́ ní àgbàlá. Faransé ni ó ń bá pàdé lójú pátákó. Nígbà tí ó bá fi máa lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbẹ̀, ó lè ka Faransé sókè geere láìmọ ohun tí ó ń kà. Ìyá àgbà rẹ̀, ẹni tí ìtàn kún inú rẹ̀, kò sì lè ka ìwé kan ṣoṣo. Àwọn méjèèjì jókòó sínú ilé kan náà, ìwé sì wà láàrin wọn bí ògiri. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Nítorí náà, bí a bá ń yan ìwé fún ìdílé, kì í ṣe ojú ọmọ nìkan ni a óò fi yàn án. Etí ìyá àgbà ni kí á kọ́kọ́ fi dán an wò. Ìwé tí ó bá lè gbọ́, tí ó rẹ́rìn-ín sí, tí ó sì bá òǹkàwé jiyàn lé lórí, ìwé ìdílé nìyẹn. Èyí tí ó bá gbé e lọ sójú oorun, ẹ dá a padà sínú àpò ilé-ìwé.

Ẹ óò bi wá pé, "Olùkọ́, níbo ni a ó ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀?" Ó pọ̀ ní òdìkejì ààlà. Fún àwọn kéékèèké, a fẹ́ràn Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni, olùkọ́ sì ni. A bí i ní 1904, ó kú ní 1980. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ó sì ń ga díẹ̀díẹ̀ láti ìwé kan dé èkejì. Kìkì pé nítorí tí a mọ̀ ọ́n sí ìwé ilé-ìwé, àwọn bàbá kan máa ń sọ alẹ́ di ìdánwò: "Kí ni o rí kọ́ níbẹ̀? Tún un sọ!" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kí ó gbádùn.

Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde ní 1973 dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ múra sílẹ̀. Ẹ kò ní í kà á jìnnà tí ìyá àgbà yóò fi wí pé, "Àwa kì í pa á bẹ́ẹ̀." Ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ pa ìwé dé, kí ó pa tirẹ̀, kí àwọn ọmọ gbe orin rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ padà wo ibi tí ọ̀nà méjèèjì gbé yà. A kò mọ ohun mìíràn tí ń kọ́ ọmọ ní ọ̀wọ̀ fún ìwé àti fún àgbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo báyìí.

Ní ti Fágúnwà, orúkọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí ó jáde ní 1938, ń ba àwọn òbí kan lẹ́rù. Olùkọ́ onígbàgbọ́ ni ó kọ ọ́, ìmọ̀ràn sì kún inú rẹ̀. Ẹ tún wo bí ó ti tò ó: Àkàrà-Ògùn ń sọ ìtàn ara rẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn olùgbọ́ sì ń pọ̀ sí i. Bí ẹni pé a ṣe é fún àgbàlá wa ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ gùn, àwọn ẹ̀dá inú igbó náà sì lè mú kí ọmọ ọdún márùn-ún má sùn. Ẹ jẹ́ kí ó di bí ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ohun kan ń dààmú àwọn tí ó ti kọ́ láti kọ Nàgó ní ìlànà orílẹ̀-èdè wa. Ìwé Nàìjíríà ń kọ ọ̀pẹ. Ìlànà Benin, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1975, ń kọ ɔ̀kpɛ. Ṣ tiwọn ni sh tiwa. Ẹni tí ó bá wo méjèèjì lè rò pé èdè méjì ni. Ṣùgbọ́n ẹ kà wọ́n sókè: igi kan náà ni, ẹyìn kan náà ni ó ń so. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń jiyàn lórí lẹ́tà kì í sábà rántí pé etí kì í rí àmì abẹ́ lẹ́tà. Òótọ́ ni pé èdè inú àwọn ìwé náà kì í ṣe bí a ti ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín gan-an. Kí òǹkàwé yẹ ojú-ìwé náà wò ní ọ̀sán, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ ilé wa rọ́pò èyí tí kò ní í yé àwọn ọmọ.

A kò ní kí ẹ kọ ìwé Faransé sílẹ̀. La Belle Histoire de Leuk-le-Lièvre wà, èyí tí Léopold Sédar Senghor àti Abdoulaye Sadji kọ fún ilé-ìwé ní 1953. Ehoro ni Leuk, ìbátan Ìjàpá wa nínú ọgbọ́n. Orí mẹ́rìnlélọ́gọ́rin (84) ni, gbogbo wọn sì kúrú: ọ̀kan lálẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́ta. Kátólíìkì ni Senghor, Mùsùlùmí ni Sadji. Ní ìlú bíi tiwa, èyí náà tọ́ kí á sọ fún àwọn ọmọ. Ọmọ tí ó ti gbọ́ Faransé ni kí ó kà á, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá àgbà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ohun tí ó ń kà yé e. Fún àwọn tí ó ti dàgbà, ẹ wá eré Kondo le requin, tí Jean Pliya, ọmọ Djougou, kọ nípa ọba Béhanzin. Ẹ pín ohùn àwọn ènìyàn inú rẹ̀ láàrin ilé; ọmọkùnrin tí kì í fẹ́ kàwé yóò fẹ́ jẹ́ ọba.

Nínú Ìwé Mímọ́ pàápàá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìtàn: Jósẹ́fù àti àwọn arákùnrin rẹ̀, Rúùtù, àti Ìwé Tóbítì, níbi tí ajá ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sí ìrìn-àjò.

Bàbá tí kò mọ̀wé ńkọ́? Òun náà lè yan ìwé. Kí ó ní kí ọmọ ka ojú-ìwé àkọ́kọ́ sí òun létí kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Bí èémí ọmọ bá ń tán kí ó tó parí gbólóhùn, tàbí tí ara bàbá kò béèrè ohun tí ó kàn, kí wọ́n gbé e kalẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá sì ní kí ẹ tún ìtàn àná kà, ẹ tún un kà. Ìwé kò rọrùn láti rà, èyí tí a bá kà nígbà mẹ́wàá ni owó rẹ̀ kò ṣòfò.

Nítorí owó yìí ni a fi ń bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú èyí tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn àjọ̀dún, kí á fi ra àpótí kan tí ikán kò ní í jẹ, àti ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí yóò wọ inú rẹ̀. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn ìyá, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa mú ẹyọ kan lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó bá ní ìwé àlọ́ nílé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti dàgbà kọjá rẹ̀, kí ó mú un wá lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀.