Àgbàdo, Ìṣirò àti Òfuurufú: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Yan Ohun Tí Yóò Wádìí

Kò sí àgbẹ̀ kan ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré tí í wo ibi tí hóró àgbàdo kọjú sí kí ó tó sọ ọ́ sínú ihò. Hóró náà lè dorí kodò, ó sì lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, gbòǹgbò a wá ìsàlẹ̀ lọ, ewé a sì wá òkè bọ̀. Bí ìjì bá tilẹ̀ bi àgbàdo wó nígbà tí ó ti dàgbà díẹ̀, láìpẹ́ orí rẹ̀ a tún bẹ̀rẹ̀ sí yí sókè. Gbogbo ènìyàn ni ó ti rí èyí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ó ti béèrè pé, ta ni ó sọ fún àgbàdo ibi tí ìsàlẹ̀ wà?

Ìbéèrè yìí ni ó so oko àgbàdo pọ̀ mọ́ ọkọ̀ òfuurufú. Láti inú rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ràn ìṣirò, tí ó sì fẹ́ mọ bí ohun ẹlẹ́mìí ti ń ṣe lójú sánmọ̀, lè yọ iṣẹ́ ìwádìí tí yóò fi gba oyè gíga ní yunifásítì. Irú oyè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ìdánwò nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti mú ọ̀ràn kan, kí ó wádìí rẹ̀ dé ìdí, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti yẹ̀ wò. Ọ̀ràn tí ó bá mú ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ náà yóò parí lákòókò, tàbí bóyá yóò máa rìn káàkiri títí owó kòkó tí àwọn òbí rẹ̀ fi rán an yóò fi tán. Yíyàn náà kan gbogbo agbo ilé.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mú orí ọ̀rọ̀ tí ó tóbi tí ó sì dùn létí, bí ẹni tí ó ní òun yóò kọ̀wé lórí “Ìṣirò àti Ìyè ní Òfuurufú.” Ẹni bẹ́ẹ̀ dà bí àgbẹ̀ tí ó ní òun yóò ro gbogbo ilẹ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ dé Èmùré ní ọdún kan. Ìbéèrè tí ó dára a máa kéré, a máa ní ààlà, ohun kan a sì máa wà nínú rẹ̀ tí a lè kà tàbí tí a lè wọ̀n.

Ní 1806, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Andrew Knight, de irúgbìn ẹ̀wà mọ́ kẹ̀kẹ́ kan tí ó dùbúlẹ̀, tí omi ṣíṣàn ń yí, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 11. Ẹni tí ó bá ti fi kànnàkànnà lé ẹyẹ lóko mọ̀ bí òkúta ti ń fa ọwọ́ síta bí a ti ń fì í yípo. Agbára bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa irúgbìn náà síta, nígbà tí ilẹ̀ ń fà á sísàlẹ̀. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ náà ń yí nígbà 80 ní ìṣẹ́jú kan, agbára méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Gbòǹgbò kò gba ti èyí, kò gba ti ìyẹn, ó gba àárín, ní díígírì 45. Nígbà tí ó ń yí nígbà 250, gbòǹgbò fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ pátápátá, ó tẹ̀ wálẹ̀ ní bíi díígírì 10 péré.

Níhìn-ín ni ìṣirò ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Bí iyára kẹ̀kẹ́ bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára tí ń fà síta a di ìlọ́po mẹ́sàn-án, nítorí pé mẹ́ta ni a ó fi sọ mẹ́ta di púpọ̀. Láti 80 dé 250 ju ìlọ́po mẹ́ta lọ díẹ̀. Agbára náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Bí irúgbìn bá wà létí kẹ̀kẹ́, ìṣirò ní kí gbòǹgbò tẹ̀ wálẹ̀ ní bíi díígírì 6. Knight rí nǹkan bíi 10. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Irú ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ni oko olùwádìí.

Lónìí a mọ̀ pé àwọn hóró kéékèèké tí ó wúwo, irú ohun kan náà tí ó wà nínú ògì, ń bẹ ní ṣóńṣó gbòǹgbò. Ibi tí wọ́n bá rọ̀ sí ni gbòǹgbò ń mọ̀ sí ìsàlẹ̀. Nínú ibùdó òfuurufú tí ń yí ayé po ní bíi kìlómítà 400 lókè, wọn kò rí ibi rọ̀ sí. Kì í ṣe pé ilẹ̀ kò fa nǹkan mọ́ níbẹ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára náà ṣì kù. Ṣùgbọ́n ibùdó náà àti ohun gbogbo inú rẹ̀ ń já bọ̀ pọ̀, bí ọsàn tí ó ń já bọ́ pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀, tí kò sì lè fa ẹ̀ka náà tẹ̀.

Kò di ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gun ọkọ̀ òfuurufú kí ó tó wádìí èyí. Ẹ̀rọ kan wà tí à ń pè ní clinostat, tí ń yí irúgbìn díẹ̀díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí gbòǹgbò kò ní mọ ìsàlẹ̀ kí ìsàlẹ̀ tó tún yí padà. Kò mú agbára ilẹ̀ kúrò. Ó kàn ń dà á rú lójú irúgbìn ni. Àwọn onímọ̀ NASRDA, àjọ tí Ìjọba Àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1999 fún ọ̀ràn òfuurufú, ti fi irú ẹ̀rọ yìí wo àgbàdo. Ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú fún Áfíríkà sì wà ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1998. Ní Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ lọ́wọ́ nínú NigeriaEduSat-1, ẹ̀rọ kékeré tí a rán lọ sí òfuurufú ní 2017. Ìṣirò pẹ̀lú kì í ṣe àlejò ní Èkìtì: ọmọ Ọ̀rìn-Èkìtì ni Adegoke Olubummo, tí a bí ní 1923, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní 1955, tí ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè mú ìbéèrè kan péré: díígírì mélòó ni gbòǹgbò àgbàdo ń tẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí a bá ti gbé e kúrò lórí ẹ̀rọ tí ń yí, tí a sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀? Kí ó lo ọ̀pọ̀ hóró, nítorí hóró kan kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí ó tó. Kí ó fi ìdajì wọn sílẹ̀ láìyí, kí ó lè ní ohun tí yóò fi wé. Kí ó sì kọ ohun tí ìṣirò rẹ̀ ń retí sílẹ̀ kí ó tó wo gbòǹgbò, kí ó má baà máa fi ìṣirò lé ohun tí ojú ti rí.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti yunifásítì wálé tí ó ní òun ń wọn gbòǹgbò àgbàdo, ẹ má ṣe rò pé ìwé ti sọ ọ́ padà sí ìdí ọkọ́. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ bi í: Kí ni ó ń wọ̀n? Ta ni olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà tí ń tọ́ ọ sọ́nà? Ọjọ́ wo ni ó rò pé yóò parí? Bí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kí ó máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá lè dáhùn, kí ó tún ìbéèrè rẹ̀ gé kúrú kí owó tó tán.