Ìgboyà Tí Ó Gbọ́n

Ní ọdún 1841, Àjàyí Crowther bá àwọn òyìnbó gòkè Odò Ọya. Ibà pa bí 40 nínú wọn. Síbẹ̀ ó tún lọ ní 1854. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ń lo oògùn kuiníìnì, òyìnbó kan kò sì kú. (Èmi kò ka oògùn lílò sí àìnígbàgbọ́.) Ní 1857, J. C. Taylor, ọmọ Afíríkà bíi tirẹ̀, bá a lọ, ó sì dúró sí Onitsha. Ọkọ̀ wọn fọ́ nítòsí Jẹ́bà. Crowther pàgọ́ sí Rabba, ní ilẹ̀ Nupe.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ lọ kọ́ni ní ìletò tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ra oògùn ibà fún un, kí ẹ sì sìn ín dé ibùdókọ̀.