Lésà àti Ojú Alátọ̀gbẹ
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Akọ̀wé rò pé ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni n ó sọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri ìlú pé lésà ni ó fọ́ ojú Tísà. Èmi ni Tísà náà, n kò sì fọ́jú.

Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, a máa ba àwọn iṣan tín-ín-rín jẹ́ nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lẹ́yìn inú ẹyinjú, èyí tí ó ń gba àwòrán ohun tí a ń wò. Àwọn kan a máa jò, àwọn mìíràn a dí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí ké fún oúnjẹ, iṣan tuntun a sì hù; ṣùgbọ́n ahẹrẹpẹ ni wọ́n, wọn kì í pẹ́ bẹ́. Àrùn náà kì í dun ènìyàn. Ó lè ti jinlẹ̀ kí ẹni náà sì máa kàwé lọ láìfura.

Dókítà ará Jámánì kan, Gerhard Meyer-Schwickerath, ni ó ṣàkíyèsí pé oòrùn jó ẹ̀yìn ojú àwọn tí ó tẹjú mọ́ ọn nígbà tí òṣùpá bò ó. Ó rò ó pé iná tí ó ń ba ojú jẹ́ lè tún un ṣe bí a bá fi ọgbọ́n lò ó. Oòrùn gan-an ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1940. Ní 1960 ni Theodore Maiman ṣe lésà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ni ẹ ó tètè mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé a kì í sun etí oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí iná ìgbẹ́ má baà wọlé jó iṣu wa? Bẹ́ẹ̀ ni dókítà ń fi lésà jó etí awọ náà ní àpá kéékèèké tí ó lè ju 1,000 lọ, tí ó sì dá àárín sí, èyí tí a fi ń kàwé. Etí tí ó jó kò béèrè oúnjẹ mọ́. Àwọn iṣan tuntun a sì rọ. Nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ojú kan ni wọ́n ṣe lára aláìsàn kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Nígbà tí ó fi di 1976, wọ́n rí i pé ewu ìfọ́jú dín ju ìlàjì lọ ní ojú tí a ṣe. Wọ́n yí ìlànà padà kí wọ́n lè tọ́jú ojú kejì náà.

Ṣùgbọ́n lésà kì í sábà dá ìríran tí ó ti lọ padà. Èyí tí ó kù ni ó ń ṣọ́, ó sì ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀: a lè má ríran dáadáa ní àṣálẹ́ mọ́, ẹ̀gbẹ́ ojú a sì dín. Kò sí ẹni tí ó sọ èyí fún mi ní ilé ìwòsàn tí mo lọ. Nígbà tí mo kọsẹ̀ lára àpótí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ní wọ́n ti bà mí lójú jẹ́, n kò sì padà lọ ṣe èkejì. Lọ́dún kejì, òwú aláǹtakùn bẹ̀rẹ̀ sí léfòó nínú ojú tí mo dá sí, lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bò ó. Ojú tí lésà kàn ni mo fi ń ka ìwé yìí fún yín.

Lóde òní abẹ́rẹ́ wà tí a ń gún sínú ojú. Bí àárín awọ náà bá wú, abẹ́rẹ́ a máa ṣe dáadáa ju lésà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè máa padà wá gbà á wà nínú ewu, ọ̀nà ilé ìwòsàn sì jìn sí wa.

Nítorí náà mo bẹ ẹgbẹ́ yìí pé kí ó yọ owó díẹ̀ láti fi pe dókítà ojú wá nígbà ọjọ́ ìlú, kí ó kán oògùn sójú gbogbo alátọ̀gbẹ, kí ó sì yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ bi àwọn òbí yín lórí fóònù pé ìgbà wo ni wọ́n yẹ ojú wọn wò kẹ́yìn. Láti ọ̀la lọ ni n ó máa kọ orúkọ sílẹ̀ ní ilé mi.