Òdodo àti Ìyà nínú Òfin Àwọn Ará Ìgbàanì



Bí a bá ń ka ìwé Mósè, tí a sì dé ibi tí ó ti pàṣẹ pé kí a fi ojú san ojú, kí a sì fi eyín san eyín, oríṣi ènìyàn méjì ni a máa ń rí láàárín wa. Àwọn kan a yára ṣí ewé náà kọjá, nítorí òfin náà ń tì wọ́n lójú. Àwọn kejì a mi orí, wọn a ní bí a bá lè padà sí irú òfin bẹ́ẹ̀, olè kò ní sí ní ìlú mọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni pé àwọn méjèèjì kò tí ì wo òfin náà dé ìdí, àti pé ọ̀rọ̀ náà kan ìwà tiwa gan-an.

Mósè kọ́ ni a kọ́kọ́ gbọ́ irú òfin yìí lẹ́nu rẹ̀. Hammurabi jẹ ọba ní Bábílónì láti nǹkan bí ọdún 1792 títí dé ọdún 1750 ṣáájú ìbí Kristi. Ó pàṣẹ kí a fín àwọn ìdájọ́ rẹ̀ sára òkúta dúdú kan tí gíga rẹ̀ lé ní mítà 2. Lókè òkúta náà ni àwòrán ọba wà, ó dúró níwájú Shamash, òrìṣà oòrùn, tí wọ́n kà sí onídàájọ́. Ní nǹkan bí 600 ọdún lẹ́yìn náà, ọba Élámù kan kó òkúta yìí ní ìkógun lọ sí Ṣúṣánì. Níbẹ̀ ni àwọn ará Faransé tí ń wa ilẹ̀ ti rí i láàárín ọdún 1901 sí 1902, ó sì wà nínú ilé ìṣúra Louvre ní Párísì títí di òní. Nǹkan bí òfin 282 ni àwọn ọ̀mọ̀wé kà sí i.

Ẹ gbọ́ bí òfin náà ti le tó. Ẹni tí ó bá dá ihò sí ara ilé onílé láti jalè, níwájú ihò náà ni a ó ti pa á. Ẹni tí ó bá wá bá ni pa iná ilé tí ń jó, tí ó sì jí ẹrù onílé, inú iná náà ni a ó jù ú sí. Ọmọ tí ó bá lu baba rẹ̀, a ó gé ọwọ́ rẹ̀. Oníṣègùn tí ó bá fi abẹ idẹ la ara ọlọ́lá, tí ẹni náà sì kú, a ó gé ọwọ́ òun náà.

Ṣùgbọ́n lára òkúta kan náà ni a ti kà pé adájọ́ tí ó bá yí ìdájọ́ tí ó ti fi èdìdì dì padà yóò san ìlọ́po 12 ohun tí a ń jà lé lórí, a ó sì lé e kúrò lórí ìjókòó ìdájọ́ títí láé. Bí ọ̀dá bá dá, tí àgbẹ̀ kò rí nǹkan kórè, kò ní san èlé gbèsè rẹ̀ ní ọdún náà. Bí a bá ja ènìyàn lólè, tí a kò sì rí olè náà mú, ìlú àti olórí ìlú ni yóò san ohun tí ó sọnù padà fún un. Bí gbèsè bá mú kí ènìyàn fi aya tàbí ọmọ rẹ̀ sìn, ọdún 3 péré ni wọn yóò fi sìn. Ní ọdún kẹrin, a ó dá wọn sílẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbọ́ ìtàn ìwọ̀fà nílẹ̀ tiwa mọ̀ pé iṣẹ́ ìwọ̀fà kì í dín owó kù. Èlé ni ó dúró fún, ó sì ń sìn títí a ó fi san owó náà pé. Nítorí náà, kí a má ṣe yára pe àwọn ará Bábílónì ní aláìlóye.

Báwo ni a ó ti ṣe mọ̀ nígbà náà bí òfin kan bá tọ́? Mo mú ìbéèrè mẹ́rin wá.

Èkínní: ǹjẹ́ ìyà náà mọ ní ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ̀? Níbi tí òfin kò sí, ẹ̀san kì í ní ààlà. Lámékì, ìran Káínì, fọ́nnu níwájú àwọn aya rẹ̀ pé òun pa ènìyàn nítorí ọgbẹ́ lásán. Ìdílé kan a fọ́ ojú ẹnìkan, ìdílé kejì a pa ènìyàn mẹ́ta, ogun a sì dé. Òfin dìde sí èyí, ó ní ojú kan péré ni, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Odi ni a fi òfin náà mọ yí ìbínú ká. A kò fi ru ìkà sókè.

Ẹnìkan lè bi mí pé, owó ìtánràn kò ha sàn jù? Ìtánràn ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọdún 2100 ṣáájú ìbí Kristi ni a ṣe òfin Ur-Nammu, ọba Úrì, fàdákà ni ó sì ní kí a fi san ọgbẹ́ ara. Ṣùgbọ́n owó pẹ̀lú ní àlébù tirẹ̀. Aulus Gellius, òǹkọ̀wé ará Róòmù, ròyìn ọlọ́rọ̀ kan, Lucius Veratius, tí ń fi gbígbá ènìyàn létí ṣe eré. Ẹrú rẹ̀ a máa tẹ̀lé e pẹ̀lú àpò owó, a sì máa ka owó 25 lé ẹni tí a gbá lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí iye tí òfin bù nìyẹn. Níbi tí ìtánràn kò bá ti dun ọlọ́rọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ti di ọjà tí ó lè rà.

Èkejì: ǹjẹ́ ìdájọ́ kan náà ni fún gbogbo ènìyàn? Níhìn-ín ni Hammurabi ti kùnà. Bí ọlọ́lá bá fọ́ ojú ọlọ́lá ẹgbẹ́ rẹ̀, a ó fọ́ tirẹ̀. Bí ó bá fọ́ ojú mẹ̀kúnnù, mínà fàdákà 1 ni yóò san. Bí ó bá fọ́ ojú ẹrú ẹlòmíràn, yóò san ìdajì iye owó ẹrú náà. Mósè pàṣẹ pé ẹni tí ó bá fọ́ ojú ẹrú rẹ̀, tàbí tí ó ká eyín rẹ̀, gbọdọ̀ dá a sílẹ̀ lómìnira. Síbẹ̀ kí a sọ òtítọ́: òfin Mósè pẹ̀lú gba ẹrú níní láyè, kò sì fi ìyà jẹ ẹni tí ó lu ẹrú rẹ̀ bí ẹrú náà bá yè fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Nígbà tí Olúwa wa ń sọ̀rọ̀ nípa ìkọ̀sílẹ̀, ó kọ́ wa pé ohun kan wà tí Mósè gbà láyè nítorí líle àyà àwọn ènìyàn. Kò yẹ kí a sọ ohun tí a gbà láyè di ohun tí a fẹ́.

Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ ni ìyà náà tọ̀ lọ? Àwọn baba wa ní ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ọba Bábílónì kò rí i bẹ́ẹ̀. Bí ilé bá wó pa ọmọ onílé, ọmọ ẹni tí ó kọ́ ilé náà ni a ó pa. Kí ni ọmọ náà ṣe? Mósè kọ èyí pátápátá: kò gbọdọ̀ sí baba tí a ó pa nítorí ọmọ, tàbí ọmọ tí a ó pa nítorí baba.

Ẹ̀kẹrin: báwo ni a ti ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni ẹ̀sùn náà? Hammurabi pàṣẹ pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan ẹlòmíràn, tí kò sì lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, òun ni a ó pa. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀sùn oṣó bá dé, a ó ní kí ẹni náà bẹ́ sínú odò. Bí odò bá gbé e lọ, olùfisùn ni yóò jogún ilé rẹ̀. Mósè béèrè ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta, ó sì ní kí àwọn onídàájọ́ wádìí gidigidi. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Àwọn tí ó rò pé líle òfin nìkan ni ó ń tún ìlú ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lé ní 200 ni òfin wọn fi ikú sí. Ẹni tí ó jí ẹrù tí ó tó ṣílè 40 nínú ilé onílé lè kú lórí igi. Kí ni ó ti ibẹ̀ jáde? Àánú a ṣe àwọn ìgbìmọ̀ tí a búra fún láti gbọ́ ẹjọ́, wọn a sì sọ pé ẹrù náà kò ju ṣílè 39 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni òfin tí ó le jù ti ń sọ olóòótọ́ ènìyàn di ẹlẹ́rìí èké. Ní ọdún 1808 ni Samuel Romilly jà títí a fi mú ikú kúrò lórí àwọn tí ń yọ nǹkan lápò ẹni.

Ẹ̀yin ará, ó kù kí a fi ìbéèrè mẹ́rin yìí wọn ara wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu lẹ́bàá Port Harcourt, ọ̀pọ̀ ènìyàn mú akẹ́kọ̀ọ́ 4 tí a pè ní olè, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì sun wọ́n. Kò sí adájọ́, kò sí ẹlẹ́rìí, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí sọ. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ọjà àti ní ibùdókọ̀ tiwa náà. Nínú àwọn tí ń wòran, àwọn kan wà tí ó mọ orin ìjọ lórí. Mósè ní kí ẹni tí ó jí màlúù tí ó sì pa á san màlúù 5, kí ẹni tí ó jí àgùntàn san 4. Kò ní kí a pa á. Àwa ń pa ènìyàn nítorí fóònù, nígbà mìíràn nítorí ariwo lásán.

Òfin fa ìlà kan, ó ní kí ẹ̀san má kọjá rẹ̀. Kristi ní kí a má tilẹ̀ sún mọ́ ìlà náà, kí ẹni tí a ṣẹ̀ fi ẹ̀tọ́ ẹ̀san rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ gíga ni. Bóyá ọ̀pọ̀ nínú wa kò tí ì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá tí ì dé ọ̀dọ̀ Kristi, kí a má ṣe rẹlẹ̀ ju Bábílónì lọ. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ igbe olè, ẹ má ṣe mú òkò. Ẹ dúró, ẹ béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹ fi ara yín ṣe odi yí ẹni náà ká, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe àwọn ọlọ́pàá. Bí ó bá jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí ó jẹ̀bi níwájú adájọ́. Bí kò bá sì jẹ̀bi, ẹ ó ti gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ikú, ẹ ó sì ti gba ọkàn ara yín lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀.

 Kí Olúwa kí ó fún wa ní ọkàn tí ó fẹ́ òdodo àti àánú pọ̀.