Ilé Ìtọ́jú Ọmọ: Ọ̀gá Dà?

[Ìlù dún díẹ̀, ó rọlẹ̀]

Ẹ̀yin ará wa ní Ashanti New Town, Kumasi, Òfin Ọmọdé Ghana ti ọdún 1998, Act 560, ní ilé tó bá ń gba ọmọ sọ́dọ̀ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ ìjọba, àti pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló dúró bí òbí fún ọmọ náà. Òbí tó ń gbowó oṣù, àbí ẹ ò rí nǹkan!

Bí ẹ bá dé irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ má wo ọ̀dà ara ògiri. Ẹ bi ọ̀gá ibẹ̀ pé: ọmọ wo ni ò jẹun lánàá? Bó bá ní kí wọ́n lọ pe alásè wá, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Ẹ ní kó gbé ìwé iṣẹ́ alẹ́ wá: ta ló sùn ti àwọn ọmọ, ta ló fọwọ́ sí i?