Ọwọ́ Tí Ń Dìbò Yóò Fọhùn

   

Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí ìbò tí àwọn ènìyàn ń dì lórí ara wọn nínú íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí a fi ń mọ ẹni tí ó níyì àti ẹni tí kò níyì. Ẹ má ṣe kà á sí eré. Nínú ìwáàsù ìdágbére rẹ̀, Ànábì wa ka iyì ènìyàn mọ́ ẹ̀jẹ̀ àti dúkìá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀wọ̀ tí a kò gbọdọ̀ tàpá sí.

Ohun tí ó bí ìbò yìí kò burú. Bí àjèjì méjì bá fẹ́ ṣòwò, kí ni yóò fi ọkàn wọn balẹ̀? Ní 1995, Pierre Omidyar dá ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń pè ní eBay sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1996, wọ́n fi àyè sílẹ̀ kí ọlọ́jà àti oníbàárà máa jẹ́rìí lórí ara wọn. Ní 2008, Stack Overflow bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè. Wọ́n ṣe é ní òfin níbẹ̀ pé ẹni tí ó bá bu ẹnu àtẹ́ lu ìdáhùn ẹlòmíràn yóò pàdánù máàkì 1 nínú tirẹ̀. Ọgbọ́n ń bẹ nínú ìyẹn.

Ṣùgbọ́n àlébù mẹ́ta fara hàn. Èkíní ni ẹ̀rù. Lórí eBay, bí oníbàárà bá sọ òtítọ́ nípa ọjà tí kò dára, ọlọ́jà lè gbẹ̀san nípa bíba orúkọ tirẹ̀ náà jẹ́. Nítorí èyí, àwọn oníbàárà ń bẹ̀rù láti sọ òtítọ́. Ní 2008, wọ́n gba agbára àtifi àmì búburú sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà.

Èkejì ni títẹ̀lé èrò. Ní 2013, Lev Muchnik, Sinan Aral àti Sean Taylor tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó lé ní 100,000 tí àwọn ènìyàn kọ, wọ́n fi ìbò ìyìn ẹyọ kan síwájú fún àwọn kan láìwo bóyá wọ́n dára. Nígbẹ̀yìn, máàkì àwọn wọ̀nyí fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ga ju ti àwọn tí wọn kò fọwọ́ kàn lọ. Ìbò kan tí kò nídìí ni ó fa èrò! Àwọn tí ó gba Ànábì Nuhu gbọ́ kò pọ̀. Ṣé a ó wá sọ pé òun ni ó jẹ̀bi?

Ẹ̀kẹta ni ó kàn wá jù: ìbò ẹgbẹ́. Àfáà tí kò sí nínú àwùjọ wa sọ òdodo, a kó ara wa jọ, a tẹ̀ ẹ́ rì. Ará wa ṣi ọ̀rọ̀ sọ, a gbé e ga. Súrátù Máídà, áyà 8, kọ̀ fún wa kí ìkórìíra sún wa kúrò lórí déédé.

Àwọn onímọ̀ hádíìsì ti yẹ ìwà àwọn ènìyàn wò rí, láti mọ ẹni tí a lè gbọ́ tirẹ̀. Wọn kò fi iye orí ṣe é. Ẹni tí ó bá bu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tí àwọn mìíràn ti yìn ní láti ṣàlàyé àlébù rẹ̀. Wọ́n sì ń ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tí ìlara bá mú kí ojúgbà sọ sí ojúgbà. A gbọ́ pé nígbà tí a bi Ali ọmọ al-Madini, tí ó kú ní ọdún 234 Hijira, léèrè nípa baba rẹ̀, ó ní baba òun kò lágbára nínú gbígba hádíìsì wá. Ta ni nínú wa ni yóò dìbò báyìí lórí baba rẹ̀?

Ẹnì kan lè wí pé: “Ìka ni mo fi tẹ̀ ẹ́, n kò sọ̀rọ̀.” Ará mi, ọlọ́jà tí o fi àmì búburú kàn láìra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lè pàdánù oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Súrátù Yásín, áyà 65, sì kọ́ wa pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó di ẹnu, tí ọwọ́ yóò sì fọhùn.

Nítorí náà, kí o tó dìbò, ka ọ̀rọ̀ náà tán. Bi ara rẹ léèrè bí ìwọ yóò ti ṣe bí ó bá jẹ́ pé ará wa ni ó kọ ọ́. Bí o bá fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lù ú, sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí o bá sì ti ṣi ẹjọ́ ẹnì kan dá, padà lọ tún un ṣe kí oòrùn tó wọ̀.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹlẹ́rìí òdodo, kí ó má sì jẹ́ kí ọwọ́ wa tako wa lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Àmín.